Ìwé tí Wẹ́dà Kà fún Màmá Ọ̀gá

Ọdún kẹfà rèé tí olùkọ́ náà ti ń kọ́ àwọn àgbàlagbà àti ọmọdé ní ìwé kíkà láàárọ̀ Sátidé, nínú yàrá kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ilé ìkàwé. Yàrá náà kò tóbi. Tábìlì gígùn kan ló wà láàárín rẹ̀, àti àga mẹ́jọ tí ọ̀kan nínú wọn ń mì. Pátákó ìkọ̀wé wà lára ògiri, fèrèsé sì kọjú sí títì, débi pé bí ọkọ̀ ńlá bá ń kọjá, olùkọ́ á dákẹ́ kí ó tó máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ló mọ̀. Á kọ ọ̀rọ̀ sójú pátákó, á kà á, gbogbo kíláàsì á gbè é. Wọ́n á kà á, wọ́n á tún un kà, títí yóò fi mọ́ wọn lẹ́nu bí orúkọ ara wọn. Bí wọ́n ṣe kọ́ òun náà nìyẹn nígbà tó wà ní kékeré, ó sì yé e. Ohun tó bá ti ṣiṣẹ́ lára èèyàn, onítọ̀hún á rò pé gbogbo ayé ló yẹ kí ó ṣiṣẹ́ fún. Ẹni tí kò bá tètè mọ̀ ọ́n, á sọ fún un pé, "Pariwo sí i." Àwọn kan pariwo títí ìwé fi yé wọn. Àwọn kan ò padà wá mọ́, kò sì wá wọn lọ.

Ọdún tí wẹ́dà dé ni nǹkan yí padà.

Wẹ́dà yìí ti lé lógójì ọdún. Ọkùnrin gíga ni, àpá kéékèèké tí iná ta sí i ló kún apá rẹ̀ méjèèjì. Ládùúgbò yẹn, bó bá jó irin méjì pọ̀, ìwọ á fi ìka wá ibi tí wọ́n ti pàdé títí, o ò ní rí i. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń kọ́ afárá fẹ́ gbà á, ṣùgbọ́n wọ́n ní ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe ìdánwò: apá kan lọ́wọ́, apá kan nínú ìwé.

"Ti ọwọ́ yẹn ò le, Àǹtí," ló wí lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wá. "Ti ìwé yẹn ni kí ẹ bá mi wá nǹkan ṣe sí."

"Ẹ jókòó, Ẹ̀gbọ́n," ni olùkọ́ dá a lóhùn. "Kò sí ohun tó le níbẹ̀."

Ó le. Bí wẹ́dà bá kọjú sí ìwé, lẹ́tà kì í dúró fún un. Ó ní b àti d máa ń gba àyè ara wọn, ìlà kejì á sì yọ́ wọnú ìlà kìn-ín-ní. Nígbà tí kíláàsì bá ń gbè é, ohùn rẹ̀ ló máa ń ròkè jù, nítorí pé orí rẹ̀ pé, ó ti há gbogbo rẹ̀ sórí kí wọ́n tó kà á dé ìdajì. Ṣùgbọ́n ní Sátidé kẹta, olùkọ́ ní kí ó dìde kí ó ka ìlà kan lóun nìkan. Ó dìde. Ó wo ìwé náà títí. Ó tọwọ́ bọ àpò, ó ní òun gbàgbé awò ojú òun sílé. Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Wẹ́dà jókòó. Ní Sátidé kẹrin, àga rẹ̀ ṣófo.

Olùkọ́ ìbá gbàgbé rẹ̀ bó ṣe gbàgbé àwọn tó kù. Ohun tí kò jẹ́ kó lè gbàgbé ni ọ̀rọ̀ awò ojú yẹn. Ó ti rí ọkùnrin náà lójú títì lọ́jọ́ kan tó fi ojú lásán wo òpó iná kan lókèèrè, tó ní ó ti tẹ̀ díẹ̀ sí ọ̀tún, òótọ́ sì ni. Ẹni tí ojú rẹ̀ mú tó bẹ́ẹ̀, kí ló fẹ́ fi awò ṣe? Lọ́sàn-án Ọjọ́rú, ó gba ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà lọ.

Ó bá a níbi tó ti ń tẹ irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan fún ojú fèrèsé, ó ń tẹ̀ ẹ́ bí òdòdó. Kò wọ̀n ọ́n. Àtàńpàkò rẹ̀ ló ń fà lára òdòdó tó ti ṣe tẹ́lẹ̀, á sì tẹ èkejì, méjèèjì á jọra bí ìbejì.

"Báwo lẹ ṣe ń mọ ibi tó yẹ kó dé?" ni olùkọ́ bi í.

"Ọwọ́ mi ló mọ̀ ọ́n. Bí mo bá ti fọwọ́ tọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tán, mi ò ní gbàgbé mọ́." Ó fi irin náà sílẹ̀, ó fa àpótí kan fún olùkọ́ láti jókòó, òun náà jókòó sórí òmíràn. Ó mọ ohun tó bá wá. "Àǹtí, ẹ má bínú pé mi ò wá. Nígbà tí mo wà ní kíláàsì kẹta, tíṣà wa máa ń gbé mi dúró lórí tábìlì. Á ní kí àwọn yòókù wò mí dáadáa, pé báyìí ni olódo ṣe ń rí. Mo dúró níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi mọ iye ìṣó tó wà lára òrùlé wa. Nígbà tẹ́ ẹ ní kí n dìde lọ́jọ́sí, orí tábìlì yẹn ni mo tún bá ara mi."

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ òjò tó ti rọ̀ tipẹ́.

"Tíṣà wo nìyẹn?"

"Màmá Ọ̀gá ni. Ẹ̀yin náà á mọ̀ wọ́n."

Olùkọ́ mọ̀ wọ́n. Ilé-ìwé kan náà ni àwọn méjèèjì lọ, ó kàn jẹ́ pé ọdún márùn-ún ló fi wà lẹ́yìn wẹ́dà. Màmá Ọ̀gá yìí kan náà ló kọ́ ọ ní ìwé, àmọ́ ní tirẹ̀, àtẹ́wọ́ ni wọ́n máa ń pa fún un. Gbogbo bó ṣe ń kọ́ni, láti orí pátákó dórí "Pariwo sí i", lọ́dọ̀ obìnrin yẹn ló ti kó o.

"Ẹ padà wá, Ẹ̀gbọ́n," ló wí. "Mi ò ní ní kí ẹ dìde mọ́. Ẹ jẹ́ ká wá ọ̀nà tí ọwọ́ yín á fi bá ojú yín kàwé. A lè da iyanrìn sínú àwo pẹrẹsẹ, kẹ́ ẹ máa fi ìka kọ lẹ́tà sí i."

Wẹ́dà rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́. "Iyanrìn? Àǹtí, ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ni wọ́n ń fún ní iyanrìn."

Ó padà wá. Ó gbé àpò kan tó wúwo dání, ó sì dà á sórí tábìlì: gbogbo lẹ́tà pátá, láti a dé y, irin tẹ́ẹ́rẹ́ ló fi tẹ̀ wọ́n, ìkọ̀ọ̀kan tó àtẹ́lẹwọ́. Ó ti fá gbogbo ibi tó mú lára wọn títí wọ́n fi ń dán. Olùkọ́ náà kò jókòó lásán lọ́sẹ̀ yẹn. Ó ti yá ìwé kan nísàlẹ̀ tó sọ̀rọ̀ nípa àwọn tí lẹ́tà kì í dúró fún, ó sì ti gé páálí kan, ó dá ojú tẹ́ẹ́rẹ́ sí i láàárín. Bí wọ́n bá gbé páálí yẹn lé ìwé, ìlà kan ṣoṣo ló ń yọjú. Ìlà kejì ò lè yọ́ wá síbẹ̀. Wẹ́dà á fọwọ́ tọ irin b, á fọwọ́ tọ irin d, á sọ pé, "Èyí kọ ẹ̀yìn sí mi, èyí kọ àyà sí mi." Láàárín oṣù kan, ó ti ń ka ìlà mẹ́ta láìsinmi.

Ìgbà yẹn ni Màmá Ọ̀gá fúnra rẹ̀ gun àtẹ̀gùn wá.

Ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ló dì í lọ́wọ́ mú. Kíákíá ni wọ́n ń pe ọmọ náà nílé. Màmá Ọ̀gá ti di arúgbó, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ nàró síbẹ̀, kọ́là aṣọ rẹ̀ sì le gan-an bí ìgbà tó ń to àwọn ọmọ sórí ìlà. Olùkọ́ sáré dìde.

"Jókòó, ọmọ mi," ni Màmá Ọ̀gá wí. "Mi ò wá fún ìkíni. Kíkà ni mo wá kà."

Ó ṣàlàyé. Oṣù keje rèé tí ẹ̀jẹ̀ dí sí ibì kan nínú ọpọlọ rẹ̀. Ọwọ́ ti padà bọ̀ sípò, ẹsẹ̀ ti padà, ẹnu ò tilẹ̀ fìgbà kan dákẹ́. Ìwé kíkà nìkan ló lọ tí kò padà. Ó ní kí wọ́n fún òun ní bírò, ó sì kọ ìlà kan sórí ìwé, ó gún régé bí èyí tí wọ́n fi rúlà fà: *Orí mi pé, ara mi le.* Lẹ́yìn náà ó wo ìlà yẹn bí ẹni tó ń wo èèrà tó ń tò lọ.

"Ṣé o rí i? Èmi ni mo kọ ọ́. Mi ò mọ ohun tó wà níbẹ̀ mọ́. Dókítà ní ó máa ń ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀, pé ojú mi ń ríran, ọwọ́ mi mọ̀wé, ṣùgbọ́n ọ̀nà àárín wọn ti dí."

Ọkàn olùkọ́ bàjẹ́, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kó hàn. Ó fún Kíákíá ní ìwé ìtàn kan kí ọwọ́ rẹ̀ má bàa dilẹ̀, ó ní kó ka ojú ìwé kan sókè. Ọmọ náà kà á bí omi ẹ̀rọ. Kò ṣi ọ̀rọ̀ kan, kò mí.

"Ó dáa. Kí ni ìtàn náà sọ?"

Kíákíá wo olùkọ́, ó wo ìyá àgbà rẹ̀. "Mo ti kà á tán, mà."

"Kí lo tún ń bi í?" ni Màmá Ọ̀gá gbà á lẹ́nu rẹ̀. "Èmi ni mo kọ́ ọ. Kò ṣi ẹyọ kan."

"Kò ṣì í, mà. Ṣùgbọ́n kò gbọ́ ohun tó kà."



Bẹ́ẹ̀ ni olùkọ́ ṣe di ẹni tó ní mẹ́ta lọ́wọ́: ẹni tí lẹ́tà kì í dúró fún, ẹni tí lẹ́tà ti sá kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, àti ẹni tí lẹ́tà ń gba ẹnu rẹ̀ kọjá láìwọ orí. Ìka ò dọ́gba, àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́, ṣùgbọ́n ìbọ̀wọ́ kan ṣoṣo ni òun ti ń fi bọ gbogbo ìka láti ọdún mẹ́fà wá. Fún Kíákíá, ó ṣe òfin: bó bá ti ka ìpínrọ̀ kan, kó pa ìwé dé, kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, kó sì béèrè ìbéèrè kan kó tó ṣí i padà. Ọmọ náà kórìíra rẹ̀. Lójú tirẹ̀, ó dà bí ìgbà tí wọ́n ní kí ẹni tó ń sáré máa dúró kí gbogbo ẹni tó bá pàdé lọ́nà.

Ti Màmá Ọ̀gá ló le jù. Olùkọ́ gbìyànjú àwòrán, ó gbìyànjú lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà, òfo ni. Ìṣòro kejì sì ni pé kò fẹ́ kí màmá àti wẹ́dà pàdé. Ó fi màmá sí aago mẹ́sàn-án, ó fi wẹ́dà sí mọ́kànlá, ó sì ń fọkàn gbàdúrà kí aago má ṣìnà.

Aago ò ṣìnà, iná ló lọ ní ṣọ́ọ̀bù. Wẹ́dà rí i pé kò sí ohun tóun lè jó, ó kó irin rẹ̀, ó wá ní aago mẹ́wàá.

Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Màmá Ọ̀gá jókòó síwájú pátákó, ó ń wo ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí olùkọ́ kọ síbẹ̀, *omi*, òógùn sì ń yọ níwájú orí rẹ̀. Kíákíá ti ya ẹnu láti sọ ọ́ fún un.

"Pa ẹnu dé," ni Màmá Ọ̀gá wí. "Èmi ni wọ́n ní kí n kà á."

"Ẹ káàárọ̀, mà," ni wẹ́dà wí.

"Káàárọ̀ o." Kò wẹ̀yìn.

Olùkọ́ wo ojú wẹ́dà. Kò rí nǹkan kan kà níbẹ̀. Ọkùnrin náà fa àga tó ń mì, ó jókòó, ó wo màmá fún ìgbà díẹ̀ bó ṣe ń bá ọ̀rọ̀ lẹ́tà mẹ́ta jà. Lẹ́yìn náà ó ṣí àpò rẹ̀, ó yọ irin mẹ́ta, ó tò wọ́n síwájú màmá lórí tábìlì.

"Ẹ di ojú yín, mà. Ẹ fọwọ́ tọ̀ ọ́ wò."

Màmá Ọ̀gá wò ó bí ẹni tí kò mọ̀ bóyá wọ́n ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Síbẹ̀ ó di ojú. Ó na ìka sórí irin kìn-ín-ní, ó tọ̀ ọ́ yí po, ìka rẹ̀ sì padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀.

"Ò," ló wí.

Ó bọ́ sórí èkejì, ó gòkè, ó sọ̀ kalẹ̀, ó tún gòkè. "N lèyí. Rárá, m ni." Ó kan ẹ̀kẹta, ó kúrú. "Omi," ló wí jẹ́jẹ́. "Omi ni."

Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ kà láti oṣù méje nìyẹn. Kò la ojú. Ó tún un tọ̀, ó tún un kà, bí ẹni tó ń ka owó tó rò pé ó ti sọnù. Nígbà tó lajú, ojú rẹ̀ ti tutù. "Ta ló kọ́ ọ ní èyí?"

"Kò sẹ́ni tó kọ́ mi, mà," ni wẹ́dà wí. "Èmi ni wọ́n máa ń gbé dúró lórí tábìlì ní kíláàsì kẹta. Ẹ̀yin ni tíṣà wa."

Ọkọ̀ ńlá kan kọjá nísàlẹ̀. Gbogbo wọn dúró kí ó lọ tán.

Màmá Ọ̀gá yẹ ojú rẹ̀ wò, ó wo àpá ọwọ́ rẹ̀, ó tún wo ojú náà. "Mi ò rántí rẹ," ló wí níkẹyìn.

Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Wẹ́dà dìde, ó bọ́ sí ìta, olùkọ́ sì gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn títí ó fi dúró níbì kan láàárín. Ó fẹ́ tẹ̀ lé e. Màmá Ọ̀gá na ọwọ́ dá a dúró.

"Fi í sílẹ̀. Ó tọ́ sí i kí ó bínú. Ká ní ọmọ kan ṣoṣo ni mo gbé sórí tábìlì, ǹ bá rántí rẹ̀. Àìrántí yẹn gan-an ló burú." Ó ní, "Fún mi ní bírò."

Ó kọ̀wé fún ìgbà pípẹ́, kò gbé orí sókè. Wẹ́dà padà wọlé nígbà tó yá. Ó ní irin òun ló kù sílẹ̀. Màmá Ọ̀gá ti ìwé náà sọ́dọ̀ rẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Kíákíá na ọwọ́ kó bá wọn kà á, nítorí ó mọ̀ pé ìyá àgbà òun kò lè kà á, ó sì rí i tí wẹ́dà ń wá páálí rẹ̀ nínú àpò. Wẹ́dà fi àtẹ́lẹwọ́ bo ìwé náà.

"Fi sílẹ̀, àbúrò. Èmi ni wọ́n kọ ọ́ sí."

Ó gbé páálí lé e. Ó ń fi ìka ọwọ́ kejì kọ lẹ́tà sórí itan rẹ̀ bó ti ń lọ. Ó kà á sókè, ọ̀rọ̀ kan, ọ̀rọ̀ kan, ó sì gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

"Mo kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Mo rò pé ẹni tí kò lè kà á, kò fẹ́ kà á ni. Mo gbé ọ sórí tábìlì. Ebi rẹ kọ́." Ó dúró. "Ebi kẹ̀?"

"Àmì wà lórí rẹ̀, àmì sì wà nísàlẹ̀," ni Màmá Ọ̀gá wí. Kò rí i, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tó kọ. "Wò ó dáadáa."

"Ẹ̀bi. Ẹ̀bi rẹ kọ́. Èmi ni mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ. Má bínú."

Màmá Ọ̀gá gbọ́ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ láti ẹnu ọmọ tó pè ní olódo, ó sì rọra mi orí, bí ẹni tó ń gba iṣẹ́ àṣetiléwá lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Wẹ́dà ká ìwé náà sí mẹ́rin, ó fi sí àpò àyà. Kò sọ pé òun ti dárí jì í. Ohun tó sọ ni pé, "Ẹ jẹ́ kí n to òmíràn fún yín, mà."

Kíákíá ló fọhùn. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè. "Ìyá àgbà ṣe ohun tí kò dáa fún bọ̀ọ̀dá yìí nígbà tí wọ́n kéré," ló wí, ó ń fara balẹ̀ wá ọ̀rọ̀. "Ìyá àgbà ò mọ̀ pé kò dáa. Ìgbà tí àwọn náà ò lè kàwé mọ́ ni wọ́n tó mọ̀." Ó ronú. "Ìbéèrè mi ni pé, ṣé ó dun àwọn méjèèjì bákan náà?"

Olùkọ́ ní ìbéèrè tó dáa ni.

Wẹ́dà ṣe ìdánwò náà lóṣù kejì. Ó yege ní ti ọwọ́, ó fìdí rẹmi ní ti ìwé. Olùkọ́ bá a kọ lẹ́tà sí ilé-iṣẹ́ náà pé kí wọ́n jẹ́ kó lo páálí rẹ̀, kí wọ́n sì fi wákàtí kan kún àkókò rẹ̀. Wọ́n gbà, ó sì yege ní ẹ̀ẹ̀kejì. Kò fi kíláàsì sílẹ̀. Sátidé tí kò bá sí lórí afárá, á wà lórí àga tó ń mì. Màmá Ọ̀gá kò padà di ẹni tó ń ka ìwé ìròyìn tán kí oúnjẹ àárọ̀ tó tutù. Ìlà méjì, ìlà mẹ́ta lójúmọ́, á máa fi ìka kọ lẹ́tà sí àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀ kí ọpọlọ rẹ̀ lè gbọ́. Àwọn ọjọ́ kan wà tí kò ní í rí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kà, á sì bínú sí gbogbo ilé.

Àmọ́ ẹnu rẹ̀ ò rọ̀. Lọ́jọ́ kan wẹ́dà to irin mẹ́ta fún un, ó ti jó àmì róbótó kékeré mọ́ ìsàlẹ̀ o méjèèjì kí wọ́n lè di ọ. Màmá tọ̀ ọ́ wò.

"Ọkọ," ló wí. "Ọkọ ta ni? Ọkọ mi ti kú, Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí n ní òmíràn."

"Ọkọ̀ ni mà, èyí tí wọ́n ń wọ̀."

"Ibo ni àmì rẹ̀ wà? Ọkọ́ lè jẹ́, ọ̀kọ̀ lè jẹ́. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó o kó wá síbí láti ọjọ́ yìí, ìhòòhò ni wọ́n wà."

Wẹ́dà yí ojú sí olùkọ́, olùkọ́ ní òótọ́ ni màmá sọ. Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó mú irin pẹlẹbẹ kéékèèké wá, ogún ẹyọ, tí wọn yóò máa fi ṣe àmì ohùn lórí ọ̀rọ̀. Ó ní kí màmá fi ọwọ́ tọ̀ wọ́n wò bóyá wọ́n tó. Màmá Ọ̀gá kà wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ní wọn ò tó.